Ọjọ́ Tí A Pète Láti Lọ Sórí Òkè

Orúkọ mi ni Felicia Àbẹ̀kẹ́ Adémúyìíwá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ọmọ Josaya, ọmọ-ọmọ Ọ̀ṣínọ́wọ̀ ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí ọmọ mi, Báyọ̀, wá sí ilé mi ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ní òun àti ìdílé òun ń lọ sórí òkè ní abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Austria.

Aládùúrà ni mí. Bí a bá ti dárúkọ òkè, àdúrà ni. Mo gbé ìrẹsì mi tì, mo gbààwẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ funfun mi.

Tèmi, ọmọ-ọmọ mi, bú sẹ́rìn-ín. “Grandma, ski la fẹ́ lọ ṣe o! A máa yọ̀ lórí snow.”

“Ṣé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀ ni?”

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sílé,” ni Báyọ̀ wí. “Ẹ kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Yìnyín á jẹ yín lẹ́sẹ̀.”

Ó dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti dé Lọ́ńdọ̀nù, n kò tíì gbàdúrà lórí òkè kankan.

Tèmi wojú mi, ó sì dẹ́kun ẹ̀rín. “Daddy, jẹ́ ká lọ ní summer now. Ká kàn máa rìn.”

Báyọ̀ ronú títí. “Ó dáa. August nìyẹn. Mummy, ẹ lọ jẹun.”

Mo fò sókè bí ọmọdé. Ìrẹsì tútù náà dùn ju ti ọdún Kérésì lọ.

A lọ ní tòótọ́. Mo bọ́ bàtà mi sórí koríko, mo sì kúnlẹ̀. Tèmi náà bọ́ tirẹ̀. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ni mo ti rí àwọn òkè náà kẹ́yìn, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014.