Télọ̀ Kò-Jọra àti Alùpùpù Pupa Rẹ̀

Ọjọ́ tí télọ̀ ti alùpùpù rẹ̀ gun òkè, ojú gbogbo àdúgbò ló ṣe. Ọdún kan náà ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà, ra alùpùpù tuntun, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀. Pupa ni ti télọ̀, dúdú ni ti káfíńtà. Ẹni tó bá ní bákan náà ni méjèèjì, télọ̀ á jágbe mọ́ ọn: "Kò jọra!" Bó ṣe di Kò-Jọra nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n ní kí òkè ẹ̀yìn ilé ìlagi parí iyàn èwo ló dára jù. Dúdú gùn ún fẹ́rẹ́. Pupa dé ìdajì, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Kò-Jọra sọ̀ kalẹ̀, ó ká ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Nígbà tó fi máa dókè, òógùn ti wẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o ti gbà báyìí?" ni káfíńtà bi í.

"Kí ni n ó gbà? Tìẹ ń gbé èèyàn, èèyàn ló ń gbé tèmi. Nínú ẹrú àti ọba, ta ni wọ́n ń gbé?"

Káfíńtà kò jáwọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ó fi epo tó ń kán lábẹ́ pupa níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ hàn án.

"Ohun tó bá ní nǹkan nínú ló ń jò," ni télọ̀ wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Wo abẹ́ tìẹ. Gbígbẹ!"

Bó bá sì ní ariwo pupa pọ̀, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: "Ọmọlúàbí ló ń kí ará ilé kó tó wọlé. Ta ló ń yọ́ rìn bí tìẹ, bí kì í bá ṣe olè?"

Àmọ́ ẹ̀rín tán lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyàwó télọ̀ ń rọbí. Télọ̀ fẹsẹ̀ tẹ pupa títí, kò dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọ̀rẹ́ yín o!" Ìyàwó ti di ògiri mú.

Káfíńtà gbé e sẹ́yìn dúdú, wọ́n dé ilé ìwòsàn ní wéré, ó sì bí obìnrin. Ẹsẹ̀ ni télọ̀ fi sáré dé. Ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Káfíńtà ń retí ọpẹ́.

"Tèmi mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ni," ni Kò-Jọra wí nígbà tó nu imú tán. "Ó ní kí tìẹ náà ríṣẹ́ gidi ṣe."

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá télọ̀ wó, kò sì dìde mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, onígbàjámọ̀ ń gẹ irun káfíńtà, ó ní kóun pa á lẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, iyàn parí. Tiyín ló dára jù, kò sẹ́ni tó máa já yín níyàn mọ́."

Káfíńtà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kọ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?" Ó fa aṣọ ọrùn rẹ̀ yọ. "Ṣé o mọ bí ìjókòó pupa yẹn ṣe rọ̀ tó? Iná iwájú rẹ̀ ńkọ́? Tèmi ò mọ́lẹ̀ tó ìdajì ẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Nígbà yẹn," ni káfíńtà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ́."

Onígbàjámọ̀ rọra gbé aṣọ náà padà sí i lọ́rùn. Káfíńtà ní irun ló bọ́ sóun lójú.