Tú-dọ́ọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Obì Tó Yàn

Ẹ̀rọ ìlọta ni mo ń tún ṣe láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ìwé mẹ́fà. Ohun kan ló jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ náà: ẹ̀rọ ìlọta kì í rìn. Bó ti wù kó pariwo tó, ibi tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ sí ló máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún un, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi sá.

Nítorí náà, ìyanu ló jẹ́ fún èmi gan-an pé èmi ni mo wá di ẹni tó ń tún mọ́tò eré sísá ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni mọ́tò náà. Kàdúná ló ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ó sì rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀. Pupa ni, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé bí ẹni jókòó sórí ẹní ni èèyàn ń rí nínú rẹ̀. Tú-dọ́ọ̀ là ń pè é nílé. Ọjọ́ tó wà á wọ Ẹdẹ fún ìsinmi, àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀rẹ̀ wò ó bí ìgbà tí wọ́n ń wo ọmọ ìkókó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ pé kí n tọ́ ọ wò. Ọ̀nà Awo ni mo gbà. Mo rò pé díẹ̀ ni mo tẹná, mọ́tò fò. Kọ́nà kan wà níwájú. Èmi ò yà á, mọ́tò náà ò yà á. Inú oko ẹ̀gẹ́ la bá ara wa, ebè mẹ́rin la tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó tó dúró. Nǹkan kan ò ṣe mọ́tò, nǹkan kan ò ṣe mí, ṣòkòtò mi nìkan ló tutù. Bàbá tó ni oko wo ṣòkòtò náà, ó gbójú sókè, ó ní, "Òjò ò mà kúkú rọ̀ lónìí." Láti ọjọ́ náà, n kò di ọwọ́ mọ́tò mú mọ́. Ẹni tó bá béèrè, mo máa ń sọ fún un pé oòrùn kì í jẹ́ kí n ríran dáadáa lójú títì.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì tó padà sílé, tú-dọ́ọ̀ náà fẹ̀yìn tì sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n wà l'Ékòó àti Àbújá, ní kí ó tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ta òun. Ibẹ̀ ló wà tí ewé bò ó, kí èmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ràn ibẹ̀ ni. Lábẹ́ mọ́tò, ojú ẹni ń wo irin, irin kì í wo ojú ẹni.

Eku ló bímọ sórí kábúrétọ̀ rẹ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Mo kó wọn kúrò, mo fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta. Òyìnbó kan wà nínú fóònù mi tó ń tún irú mọ́tò yẹn ṣe. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo ń gbọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yé mi tán. Nígbà tó fi bẹ́líìtì tuntun sí fáànù tirẹ̀, èmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo mú bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ẹ̀gbọ́n á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa fetí dá ẹ̀rọ náà mọ̀. "Púlọ́ọ̀gì kẹta ò jó." Bí mo bá tú u, kò jó lóòótọ́. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà dáhùn, tí ó ń dún ràn-ìn ràn-ìn láìwúkọ́, ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Orí mi wú. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n gbé mì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ní gbogbo Ẹdẹ yìí, kò sẹ́ni tó mọ inú mọ́tò yìí bí èmi."

Lọ́sẹ̀ kejì ló pè mí jókòó. Ó ti ń kọsẹ̀ nínú ilé fún ìgbà díẹ̀, a rò pé ọjọ́ ogbó ni. Dókítà ti wá sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń kú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ẹ̀gbọ́n ká páálí kan róbótó bíi páìpù, ó gbé e sí mi lójú.

"Kí lo rí?"

"Imú yín, ẹ̀gbọ́n."

"Bí mo ṣe ń rí ayé nìyẹn. Ìyẹn náà ti ń kéré sí i." Ó gba páálí rẹ̀ padà. "Kí ó tó lọ tán, gbé mi dé oko wa ní Ara. Mo fẹ́ rí kòkó bàbá wa. Inú tú-dọ́ọ̀ yìí ni n ó jókòó sí."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà, ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe gun ọ̀kadà? Ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Kí n máa wo ẹ̀yìn orí ọlọ́kadà láti Ẹdẹ dé Ara? Ojú tó kù mí kù ò tó èyí tí n ó fi ṣòfò lórí ẹ̀yìn orí ẹlẹ́yìn-orí."

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ń wá àwáwí.

Ní agbo ilé wa, bí ẹ̀gbọ́n bá béèrè nǹkan, àbúrò kì í sọ pé rárá. Ó lè sọ pé ẹ jẹ́ ká wò ó. Ó lè sọ pé iṣẹ́ díẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n "ẹ̀rù ń bà mí", ọ̀rọ̀ yẹn kì í jáde lẹ́nu ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ. Mo ní bíréèkì ò tíì dáa. Fún ọ̀sẹ̀ kan, òótọ́ ni. Mo ní táyà ti gbó. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi owó táyà ránṣẹ́ kíá, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ìyà jẹ mí. Ìgbà tó yá, kò sí nǹkan kan lára mọ́tò yẹn mọ́ tí mo lè dá lẹ́bi. Ara rẹ̀ dá ju tèmi lọ.

Ó wá ku obì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wa, òkìtì irin Ògún rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, èmi tí mo dúró nílé ni mo sì ń bọ ọ́. Nílé wa, mọ́tò tó bá ti jókòó ju ọdún kan lọ kì í jáde láìjẹ́ pé a da obì nídìí Ògún. Bí obì bá yàn, ó lọ. Bí kò bá yàn, ó dúró. Ẹnì kan kì í bá obì jiyàn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Ẹ̀gbọ́n ti wẹ̀, ó ti wọ dàńṣíkí, ó dé fìlà. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó ti le fún un kí ó tó rí ohun tó wà nílẹ̀. Mo la obì aláwẹ́ mẹ́rin, mo ta omi sílẹ̀, mo ṣàdúrà gbogbo tó yẹ. Mo dà á. Méjì ṣíjú sókè, méjì dojú dé. Kò sí obì tó yàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ń wò ó. Ọ̀nà Awo àti oko ẹ̀gẹ́ yẹn ni mo ń rí.

"Kí ló wí?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Kò yàn, ẹ̀gbọ́n."

"Tún un dà."

Mo tún un dà. Méjì sókè, méjì sílẹ̀. Ògún ò fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ rárá.

"Kò gbà," mo ní. "Ó kọ̀ jálẹ̀."

Mo rò pé yóò bínú. Ó mi orí. "Á jẹ́ pé nǹkan kan ṣì kù lára rẹ̀ tá ò rí. Ògún ń ṣọ́ ẹ ni, àbúrò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. N ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe ẹ́ nítorí ojú mi." Ó dìde, ó tọ́wọ́ wá ògiri, ó wọlé lọ bọ́ dàńṣíkí.

Mo ṣa àwẹ́ obì náà kíákíá bí olè. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ìyàwó rẹ̀ nídìí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ìró tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sá ìró náà, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wá àrùn tí kò sí. Mo ń tú bíréèkì, mo ń dè é padà. Mo ń fọ ohun tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n á jókòó, á máa gbà mí níyànjú. "Fara balẹ̀. Bóyá ìsàlẹ̀ ló wà. Má kánjú." Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, àga rẹ̀ ń súnmọ́ mọ́tò sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí kò rí i láti ọ̀nà jíjìn mọ́. Ìgbà tó ku díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ran èèyàn lára, mo wà lábẹ́ mọ́tò nígbà tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta ló ti fèrèsé?"

Ìta ni a wà.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, n ò lè jáde. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kò béèrè mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, nítorí ọkọ ni mo jẹ́ fún un bí mo tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí.

"Ọkọ mi, obì yẹn yàn."

Mo pa ẹ̀rọ tí mo ń tún ṣe.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló yàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ nílé yín tí mo fi mọ obì tó yàn."

"Ìyàwó wa, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó, kí n wá túmọ̀ obì fún yín nídìí Ògún ilé yín?" Ó fi etí ìró nu ojú. "Mo rò pé ẹ rí ohun tí èmi ò rí ni. Ẹ gbé wọn lọ. Wọ́n ṣì ń béèrè oko."

Bí mo ṣe gbé e lọ nìyẹn. Kò sí obì kankan lọ́tẹ̀ yìí. Mo ń rọra tẹná débi pé ẹ̀gbọ́n rò pé ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ kú. Àwọn ọlọ́kadà ń yà wá sílẹ̀, wọ́n ń bojú wẹ̀yìn wo àgbà méjì tó wà nínú mọ́tò eré ìje tó ń rìn bí ìgbín. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan pàápàá yà wá.

"Kí lo rí?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Ọ̀nà."

"Mo mọ̀ pé ọ̀nà ni. Kí ló wà létí ọ̀nà?"

Imú mọ́tò nìkan ni mò ń rí, àti ọ̀dà tó ń bọ̀ wá bá mi. "Igi ọ̀pẹ," mo ní. "Lápá ọ̀tún."

"Ọ̀pẹ ò sí lápá ọ̀tún níbí. Ilé búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àbúrò, ṣé ìwọ náà ti fọ́jú ni?"

A dé etí oko ní Ara. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló yọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

"Ẹ̀gbọ́n, obì yẹn yàn."

"Èwo?"

"Ti ìdí Ògún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yàn. Èmi ni mo ní kò yàn."

Ó kọjú sí iwájú. "Nítorí kí ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀rù mọ́tò."

"Mọ́tò." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fi ahọ́n kan oúnjẹ tí kò mọ̀ rí. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú ojú. "Ìgbà yẹn, mo ṣì ń rí ọwọ́ ara mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Ò bá sọ fún mi. Ǹ bá bú ẹ. Ǹ bá fi ẹ́ ṣẹ̀sín fún gbogbo ilé títí ọdún yóò fi yí. Lẹ́yìn náà, ǹ bá pe ẹlòmíì tó lè wakọ̀. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ di apá rẹ̀ mú, ó gba ọwọ́ mi dànù. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó rìn wọ inú oko títí ó fi kan igi kòkó kan. Ó fọwọ́ wá a láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó kan èso kan, ó dì í mú, kò já a. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Omi ń bọ́ lójú mi, n ò sì lè sunkún sókè, kí ó má baà gbọ́.

Nígbà tó padà wọ mọ́tò, ó ní, "Gbogbo Sátidé."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Gbogbo Sátidé lo ó máa gbé mi wá síbí. Èmi ó máa béèrè, ìwọ ó máa dáhùn. Mo mọ ọ̀nà yìí ju ẹnu ọ̀nà ilé mi lọ. Bó o bá purọ́ kan, n ó mọ̀."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di òní. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà ò tíì béèrè. Ẹ̀rù náà ò lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti máa ń rìn káàkiri inú ilé, ìyàwó mi á ní kí n mu omi gbígbóná, bí ẹni pé omi gbígbóná ló ń wakọ̀. Ṣùgbọ́n tipátipá ni mo fi ń gbé ojú kúrò lórí imú mọ́tò, torí ẹni tó ń béèrè ò sinmi.

Sátidé tó kọjá, a ti kọjá ibi tí wọ́n ń pè ní Alájùẹ́ díẹ̀ torí ó ní kí n gba ọ̀nà tó jìn.

"Kí lo rí?"

"Obìnrin kan sá àgbàdo sí etí títì. Ó ti gba apá kan ọ̀nà."

"Funfun ni àbí pupa?"

"Pupa. Ajá kan sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Ṣó ń mí?"

Mo ní láti dẹwọ́ eré, eré tí n kò kúkú sá, kí n tó lè wo ikùn ajá náà dáadáa.

"Ó ń mí, ẹ̀gbọ́n."

"Wakọ̀ lọ," ó ní.