Bàbá Mélòó Lo Ní?

Lọ́dún 1983, ní Agbowó, bí ẹ bá dárúkọ Ìyá Gírámà, kò sí ọmọ iléèwé tí kò ní júwe kíláàsì Mísísì Moróunkẹ́ Ajíbóyè fún yín. Obìnrin náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ó sì le koko. Òfin méjì ló wà ní kíláàsì rẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́. Ẹ gbà mí o! Kí wá ni kí ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ? Ṣé kó yadi ni? Òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí agogo fi ń lù. Iṣẹ́ àwọn ọmọ kò ju kí wọ́n máa wí tẹ̀lé e.

Bàdírátù wà nínú wọn. Ará Ìgbòho ni ìdílé rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Hàrúnà, ń ṣe télọ̀ nítòsí iléèwé náà kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àbúrò bàbá sáré wá sí gẹ́ètì. Mẹ́gáàdì ò jẹ́ kó wọlé, ó ní òun á bá a jíṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ jẹun, ó jíṣẹ́ náà fún Bàdírátù: bàbá ń pè é, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fẹ́ bá a sọ, kó tètè máa bọ̀. Àmọ́ mẹ́gáàdì yìí kan náà ò lè ṣí gẹ́ètì fún ọmọ tí kò gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ tísà. Iṣẹ́ Ìyá Gírámà ló sì kàn.

Bàdírátù dìde. Ó ti to Gẹ̀ẹ́sì náà sẹ́nu láti ìta.

"Excuse me, ma. My father, they are calling me."

Ìyá Gírámà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá èrò. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, "They? Bàbá mélòó lo ní?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "He is calling me. Sọ ọ́ báyẹn."

Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ohun tó há ọmọ yìí lọ́nà ọ̀fun. "Wọ́n ń pè mí" ló ń sọ lọ́kàn, "they" ló sì bá a mu. Ta ló ń pe bàbá rẹ̀ ní "ó"? Bàbá tó wà lórí ẹní àìsàn! Ó lanu, "he" kọ̀, kò jáde. Ó tún ní, "They are calling me, ma," omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Ìyá Gírámà rí omi ojú náà. Ohun tó ń dun obìnrin náà jù nìyẹn títí di òní: ó rí i. Ì bá kàn ti sọ pé "Kí ló dé, ọmọ mi?" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ì bá yanjú. Agídí ló pè é. Ó ní kó jókòó síbẹ̀ títí tí yóò fi lè sọ ọ́ dáadáa, ó kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó ń kọ̀wé lọ.

Aago méjì kọjá kí wọ́n tó jáde. Bàbá ti kú ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Mùsùlùmí kì í sì í dá òkú dúró. Nígbà tí Bàdírátù fi máa délé, àwọn tó lọ sìnkú ti ń fọ erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

Ìyá Gírámà ò mọ̀. Nígbà tí ọmọ náà padà wá lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó bi í níbi tó wọlẹ̀ sí. Bàdírátù dìde, kò sunkún.

"My father, ma. He is dead."

Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán. Ẹ ò ní gbà á gbọ́: "Good" ti bọ́ lẹ́nu Ìyá Gírámà kó tó gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí. Yéè! Ẹnu tó máa fi tọrọ àforíjì wúwo títí Bàdírátù fi jáde ìwé.

Àmọ́ ó fi òfin méjèèjì sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ to bẹ́ǹṣì yíká kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá rí sọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó bá wà lẹ́nu wọn. Òun á jókòó lẹ́yìn, á gbọ́ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn tán kó tó bá wọn tún un ṣe. Wọ́n ń yege. Nígbà tó di 1988, àwọn ará mínísírì gbọ́, wọ́n pe àwọn tísà jọ sí Bódìjà, wọ́n ní kí Ìyá Gírámà wá ṣàlàyé ọ̀nà tuntun tó fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣíwájú yìí.

Tísà ọ̀dọ́ kan, Theophilus, nawọ́. "Níbo lẹ ti kọ́ ọ, mà?"

"Nínú ìwé ni," ló wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Àtẹ́wọ́ náà ń ta á lára bí ewé èsìsì. Kò dúró jẹun. Ó wọ takisí lọ sí Baṣọ̀run, níbi tí Bàdírátù ti ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde, má kúnlẹ̀ fún mi. Irọ́ ni mo pa láàárọ̀ yìí. Ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́, ohun tí mo ṣe fún ọ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ ń pè ọ́ sì burú. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

"Mo ti foríjì yín, mà. Ó ti pẹ́."

Ọkàn Ìyá Gírámà fúyẹ́ díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó láyà láti béèrè.

"Kí ni bàbá fẹ́ bá ọ sọ lọ́jọ́ náà?"

Bàdírátù fa aṣọ tó ń rán sábẹ́ abẹ́rẹ́ padà.

"N ò mọ̀, mà. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹlòmíì."