Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jáde Ló Ń Fọṣọ

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan wá bá àwa ìyá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Igbó-Ọrà. Ìbàdàn ló ti wá. Aṣọ funfun báláú ló wọ̀ láàárín ọyẹ́, ìyẹn nìkan sì ti tó kí èèyàn mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń fọ aṣọ ara rẹ̀. Ó ní àṣírí ilé tó létò ni pé kí aṣọ ìdọ̀tí má ṣe jọ. Ó ní kí á ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan fún aṣọ funfun, ọ̀kan fún aláwọ̀, ọ̀kan fún èyí tó dọ̀tí gan-an, kí á sì máa fọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ìyá ń mi orí, wọ́n ń ṣe "Áà!" bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀nà ọ̀run hàn wọ́n. Mo wo bàtà obìnrin náà. Erùpẹ̀ ìlú wa kò tíì kàn án.

Ó wù mí kí n bi í pé omi wo. Kànga la gbẹ́kẹ̀ lé nílé wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ẹ ó fa okùn títí ọwọ́ ó fi bó, garawa á sì gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Erùpẹ̀ wa pupa. Aṣọ funfun tí mo bá sá sórí okùn, kí ọ̀kadà bíi mélòó kan ṣáà kọjá níwájú ilé, ó ti di aláwọ̀ osùn nìyẹn. Ti kajú tún wà níbẹ̀. Ọkọ mi dá oko kajú sí ọ̀nà Tápà, bí omi kajú bá sì ta sí aṣọ, kò sí ọṣẹ tó lè ṣí i. Àwọn àgbà ní àfi kí ìgbà kajú kọjá lọ kí àbàwọ́n náà tó bá a lọ. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju ìwàásù lọ, nítorí ó jẹ́ kó lè máa nu ọwọ́ sí ẹ̀wù láìsí ìbẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé Èkó fi ẹ̀rọ ìfọṣọ ránṣẹ́ sí wa. Ó ní àánú mi ń ṣe òun. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ omi tó ń yọ lára ògiri àti iná tí kì í lọ, ilé tí kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì ló gbé e wá. Ìyá ọkọ mi fi aṣọ olódòdó bò ó, ó gbé e sí pálọ̀ níbi tí ojú àlejò á ti tó o, ó wá da gàrí sínú rẹ̀. Eku kò lè wọ̀ ọ́. Nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ náà ṣe fún wa nìyẹn, mo sì dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí Akọ̀wé. Àbúrò ọkọ mi ni, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, ó ń lọ sí Pólì ní Èrúwà. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni mo sọ ọ́ nígbà tí mo dé ilé wọn, tó ṣì kéré, tó ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri. Ká ní mo mọ bí yóò ṣe dà ni, orúkọ mìíràn ni ǹ bá fún un. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì Gánà-mọ́ọ̀sì-gò tó kún fún aṣọ ìdọ̀tí. Kànga wà ní Èrúwà. Ọṣẹ wà ní Èrúwà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ń fọ ti wọn níbẹ̀, ọwọ́ wọn kò sì gé. Mo ti rí ọ̀lẹ láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń san owó ọkọ̀ fún pátá ara rẹ̀ àfi òun.

Ìyá rẹ̀ ló bà á jẹ́, nítorí òun náà kò fọṣọ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ṣe bí àsọdùn ni. Ìbejì ni ìyá ọkọ mi, òun ló sì jáde kẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìyẹn: ẹni tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán èkejì rẹ̀ ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Níbòmíràn, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, kálukú á sì wá fọ aṣọ tirẹ̀. Ní agboolé tí wọ́n bí ìyá ọkọ mi sí, òfin ni. Ẹni tí wọ́n bá ti rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Èkejì rẹ̀ pọnmi fún un, ó fọṣọ fún un, títí àwọn méjèèjì fi lọ ilé ọkọ; àwọn ọmọ àti ìyàwó ilé ló gbà á lẹ́yìn ìyẹn.

Tápà ni wọ́n fẹ́ èkejì náà sí, Ìyá Tápà la sì ń pè é. Títí di bí wọ́n ṣe hewú yìí, bó bá wá kí wa, kò ní tíì mu omi tán tí yóò fi bèèrè pé, "Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi dà?" Á ká ìró sókè, á tẹ̀ sídìí báàfù. Àwọn ìka rẹ̀ ti wọ́, wọn kì í nà tán mọ́. Ìyá ọkọ mi á jókòó sórí àga, á máa fi ẹnu júwe ibi tí ìdọ̀tí kù sí fún un. Mo máa ń fẹ́ dá sí i tí mo bá ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n mo máa ń pa á mọ́ra, torí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà méjì ni.

Ọlọ́run wá fún èmi náà ní ìbejì, obìnrin méjì. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílùú wa. Kò sì sí àǹfààní nínú kí n kọ orúkọ wọn síbí: orúkọ gbogbo ìbejì ni, bí ẹ bá ké e lójú títì, ìdajì ọjà á dá yín lóhùn. Ọmọkùnrin méjì ló tẹ̀ lé wọn, iṣẹ́ tí àwọn yẹn sì mọ̀ kò ju kí wọ́n máa yí nílẹ̀ lọ.

Àwọn ìbejì wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní puráìmárì nígbà tí mo ń lọ sí Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti gba ìwé-ẹ̀rí kan kún èyí tí mo fi ń ṣe tíṣà. Ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé ìwé tí a fẹ́ fún wọn, ìwọ̀nba ọmọ ló ń gbà, ẹni tó bá sì bọ́, ó bọ́ nìyẹn. Tíṣà wọn ń ṣe lẹ́sìnì fún wọn láràárọ̀ Sátidé ní ilé ìwé tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Kí n tó jáde, mo pín iṣẹ́: àwọn ọmọ á lọ sí lẹ́sìnì ná, wọ́n á jọ fọ aṣọ ilé tí wọ́n bá dé, Akọ̀wé á fọ tirẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní, "A ti gbọ́." Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń bá aṣọ lórí okùn. Mo rí i pé ọwọ́ èyí tó kọ́kọ́ jáde ń bó láàárín ìka, mo bi í, ó ní iṣẹ́ ọgbà ilé ìwé ni. Mo fi òrí pa á.

Ní Sátidé kan, olùkọ́ wa kò wá, mo bá wọ ọkọ̀ padà. Oòrùn kò tíì kanrí nígbà tí mo wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Ọmọ mi nìkan ló wà nídìí kànga pẹ̀lú báàfù mẹ́ta. Jíǹsì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó wúwo jù ú lọ, ó ń fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè rí i fún. Akọ̀wé nà gbalaja sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù. Ìyá ọkọ mi wà lórí àga rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyàwó wa," Akọ̀wé ní. "Ẹ tètè dé lónìí."

Mo kọjá lára rẹ̀ lọ sídìí kànga. Mo bi ọmọ mi pé, "Èkejì rẹ ńkọ́?"

"Ó wà ní lẹ́sìnì."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá bàbá rẹ̀. "Èmi ni mo máa ń fọṣọ, Mọ́mì. Láti ìgbà tí ẹ ti ń lọ sí Ìbàdàn."

Orí mi gbóná. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là ń jẹ́ ẹ. Ọmọ tèmi, nínú ilé bàbá rẹ̀, wọ́n rán an níṣẹ́ ẹrú, wọ́n sì rí i dájú pé tẹrú ló jẹ́ ẹ.

"Ìyá Ìbejì, má pariwo," ìyá ọkọ mi ní, bẹ́ẹ̀ n kò tíì la ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ lọ́hùn-ún. Àbí kí ni ká ti ṣe é? Ṣé ẹni tí wọ́n rán wá sáyé ni yóò jókòó, kí ẹni tó rán an wá máa fọṣọ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni jíǹsì ọwọ́ rẹ̀ yìí?"

"Ti Akọ̀wé kọ́ nìyẹn?"

"Ṣé Akọ̀wé náà wà lára àwọn tó rán an wá sáyé ni?"

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Mo fẹ́ da báàfù náà délẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó kẹ́yìn ti gba ẹnu géètì wọlé. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n mu omi ni. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo báàfù, ó mọ̀ pé àṣírí ti tú.

"Mo máa ń kọ́ ọ lóòótọ́, Mọ́mì," ó ní, "ṣùgbọ́n oorun ló máa ń gbé e lọ." Ó wá yíjú sí ìyá bàbá rẹ̀. "Màmá, ṣebí èmi ni ẹ̀gbọ́n?"

"Ìwọ ni, ìyá mi."

"Ṣebí èmi ni mo rán an níṣẹ́?"

"Ìwọ mà ni."

"Ó ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo pè é padà."

Kò pariwo. Ó na ọwọ́ sí èkejì rẹ̀. Èyí yẹn wò ó, ó wo jíǹsì. "Aṣọ ńkọ́?"

"Fi sílẹ̀. Tíṣà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò."

N kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn o. Ibi tó ti rí i, n kò mọ̀. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n gba géètì jáde, ọṣẹ ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀kan. Ìyá ọkọ mi fẹ́ dìde lórí àga, ó tún jókòó, nítorí ta ló lè yẹ àṣẹ ẹ̀gbọ́n? Òun fúnra rẹ̀ ló ní ẹ̀gbọ́n ni. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Akọ̀wé fi fóònù sílẹ̀. "Ìyàwó wa, aṣọ tèmi ńkọ́?"

"Ó wà nínú omi, Akọ̀wé. Omi náà kò sì jìn."

Kò lọ síbẹ̀. Inú ọṣẹ ni aṣọ náà sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó kó o sínú báàgì bẹ́ẹ̀, tútù, ó ti ń rùn, ó gbé e gun ọ̀kadà. Omi ń ro sí ẹsẹ̀ ọlọ́kadà, ọlọ́kadà ń ṣépè, ọkùnrin ń lọ sí ilé ìwé gíga. Nígbà tí ọkọ mi dé láti oko tí mo rò ó fún un, ó jẹun, ó ní kí a máa bá ara wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì nu ọwọ́ sí ẹ̀wù.

Àwọn ọmọ mi ṣe ìdánwò náà, àwọn méjèèjì sì wọlé. Orúkọ èyí tó kẹ́yìn wà lókè nínú ìwé èsì tí wọ́n lẹ̀ síta. Ti èyí tó kọ́kọ́ jáde, ìsàlẹ̀ pátápátá la ti rí i. Ó kù díẹ̀ kó bọ́. Bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ìṣirò ju èkejì rẹ̀ lọ. Jíǹsì Akọ̀wé ló jẹ ìyókù máàkì rẹ̀, n kò sì tíì dárí jì í.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Tápà wá kí wa. Ó mu omi, ó kí gbogbo ilé, ó ká ìró sókè. "Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Ìyá ọkọ mi wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn ni aṣọ rẹ̀ ti ń jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá. Èmi ti ní tirẹ̀ kò sí nínú èyí tí mo máa fọ̀ mọ́, ó sì ti rí i pé mi ò ṣeré.

"Jókòó," ó ní.

"Ẹ̀n?"

"Mo ní kí o jókòó. Mo pè ọ́ padà."

Ìyá Tápà jókòó sórí àga. Kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí, ó kó méjèèjì lé itan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ìyá ọkọ mi kó aṣọ lọ sídìí kànga. Ó da ọṣẹ sórí aṣọ gbígbẹ, ó wá ń wá omi kiri lẹ́yìn náà. Ó ń fi ìró lu omi, omi ń ta sí i lójú. Arúgbó odindi tí kò mọ bí wọ́n ti ń fún aṣọ! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó, n kò ràn án lọ́wọ́, kò sì ṣe mí bíi kí n ràn án lọ́wọ́.

Ìyá Tápà náà ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí itan, ó wo àwọn ìka tó wọ́ yẹn.

"Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè mí, ẹ̀gbọ́n?"