Ta Ló Ni Mọ́tò Dúdú Yẹn?

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìyá mi kì í bínú, irọ́ gbáà ló pa. Ìyá mi ń bínú dáadáa, èmi náà sì jogún rẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìjà tí ìyá mi jà, èyí tó bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jà nítorí mọ́tò dúdú kan ni mi ò lè gbàgbé láéláé, torí díẹ̀ ló kù kí ìjà náà gba ọkọ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí àbúrò ìyá mi yìí jẹ́. Akọ̀wé ni ní Ìbarà, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì. Ogun àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà ni, mọ́tò àti lọ́rí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ l'Abẹ́òkúta, ká má tíì sọ kẹ̀kẹ́. Ẹni yòówù tó bá ra nǹkan tó ní táyà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ, tí yóò sọ orúkọ àti ilé rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní nọ́mbà. Bọ̀ọ̀dá Ìbarà ni mo ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì fẹ́ òmíràn, nítorí náà ilé wa ní Aké ló ti máa ń jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni ìyá mi máa ń sè dè é, pẹ̀lú ata tó fi epo pupa dín dáadáa. Bọ̀ọ̀dá á bọ́ kóòtù, á ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ fi oúnjẹ pa mí o." Kò ní pẹ́ tí yóò tún na àwo sí i.

Àwọn èèyàn a máa tọpa rẹ̀ dé ilé wa. Ti ẹnì kan, lọ́rí ló gbá ewúrẹ́ rẹ̀, kò dúró. Ẹlòmíràn á ní mọ́tò kan a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó òun tí òun bá ti lọ sóko. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Akọ̀wé, ẹ dákun, ta ló ni nọ́mbà báyìí báyìí?" Bọ̀ọ̀dá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ wá bá wa jẹun." Wọ́n á jẹun yó, wọ́n á dúpẹ́, wọn ò sì ní gbọ́ nǹkan kan tí wọ́n á mú lọ sílé.

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan. Nílùú tó ti ṣiṣẹ́ rí, akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló sọ orúkọ àti ilé ẹni tó ni lọ́rí kan fún àwọn tí inú ń bí. Wọ́n lọ dáná sun ilé ọkùnrin náà. Ó sì ti pẹ́ tó ti ta lọ́rí ọ̀hún fún ẹlòmíràn. "Ẹyin lohùn," ni Bọ̀ọ̀dá wí fún mi, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí mo bá ti sọ ọ́ lẹ́nu, mi ò lè bá ẹni tó gbọ́ ọ délé kí n lọ mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe."

Èmi ní tèmi, tíṣà ni mí, ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké kò jìnnà sí Ìbarà. Mo ní kẹ̀kẹ́. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló kan nọ́mbà mọ́ ọn lẹ́yìn lọ́jọ́ tí mo rà á. Obìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò pọ̀ nígbà náà, ẹ sì mọ ẹnu àwọn ará ilé wa. Bí mo bá ti ń kọjá, wọ́n á pariwo, "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Á ṣubú o!" Èmi náà á dá wọn lóhùn pé ẹni tó ń wò mí ni kó ṣọ́ra kó má kọsẹ̀. Mi ò ṣubú rí, àfi lẹ́ẹ̀kan, kò sì sẹ́ni tó rí mi.

Ọ̀nà Ìbarà yìí náà ni ọkùnrin kan ti kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà." Mo ní, "Ẹ ṣé o," mo sì gun kẹ̀kẹ́ mi lọ. Nígbà tó tún yá, mo tún bá a níbẹ̀. Papalanto ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra kòkó àti èkùrọ́, iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló sì máa ń gbé e wá sí Abẹ́òkúta. Ó ní èjí, ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kì í sì í di ọ̀nà mọ́ mi bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọkàn mi fà sí i. Mo ní kó wá kí ìyá mi.

Ó wá lóòótọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó gbé wá? Mọ́tò dúdú kan tó ń dán gbinrin, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á! Gbogbo ọmọ àdúgbò ya bo ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn ará ilé kejì ń kí ìyá mi pé, "Ẹ kú oríire o, àna yín ní mọ́tò!" Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tí àlejò lọ tán, ẹ̀rín náà bá a lọ.

"Ta ló ni mọ́tò yẹn?" ni ìyá mi bi mí.

"Mo rò pé tiwọn ni, Màámi."

"O rò? O ò bi í?"

Mi ò bi í. Ó ká ọwọ́ lẹ́rán. "Bó bá jẹ́ tirẹ̀, níbo ni ọmọdé bẹ́ẹ̀ ti rówó mọ́tò, tí ò fi ní ìyàwó mẹ́ta nílé? Bí ò bá sì jẹ́ tirẹ̀, a jẹ́ pé ẹlẹ́tàn ni." Àbẹ́ ò rí nǹkan! Ọ̀nà méjèèjì, ọkọ mi ti jẹ̀bi.

Mi ò lè dá ìyá mi lẹ́bi ṣá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọkùnrin kan nígbà tiwọn, tó gun ẹṣin wá tọrọ rẹ̀, tó wọ àrán láti òkè délẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó dé ilé ọkọ ló rí i pé ẹṣin kì í ṣe tirẹ̀, àrán kì í ṣe tirẹ̀, kódà ẹní tí wọ́n tẹ́ fún un, wọ́n ti ilé kejì yá a ni. Ìyà ló jẹ ẹ́ kú síbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá ti rí ohun tó ń dán, á ní, "Aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ èèyàn."

Nílé wa, a kì í fi ọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Ṣé wèrè wà nílé wọn? Ṣé wárápá wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń jalè? Lójú ìyá mi, kò sí ilẹ̀kùn tí ìwádìí ìgbéyàwó ò lè ṣí, ilẹ̀kùn ìjọba náà wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí Bọ̀ọ̀dá ṣe fi ìrẹsì sẹ́nu, ìyá mi ka nọ́mbà mọ́tò náà jáde lórí bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ó ní, "Ta ló ni ín?"

Bọ̀ọ̀dá jẹ ìrẹsì ẹnu rẹ̀ tán, ó gbé e mì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ."

"Èmi? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà? Tí o tọ̀ sí lẹ́yìn?"

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè sọ."

"Àṣírí wo ló wà níbẹ̀? Ṣebí iwájú mọ́tò ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà! Ilà ojú mọ́tò ni. Bí mo bá rí àbàjà lójú èèyàn, ṣé mo tún gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ kí n tó mọ ilé tó ti wá?"

"Ilà ń sọ ibi tí bàbá èèyàn ti ṣẹ̀," ni Bọ̀ọ̀dá wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kì í sọ ilé tó ń sùn sí. A kì í torí pé a bára tan ká fara wa nítan ya, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

Ìyá mi na ọwọ́, ó gba àwo níwájú rẹ̀. Ó ṣì ku ẹran méjì nínú ẹ̀! "Lọ máa jẹun ní ọ́fíìsì rẹ," ló wí. Ó wá kọjú sí mi: "Ìwọ náà, gbọ́ o. Títí màá fi mọ ẹni tó ni mọ́tò yẹn, ọkùnrin náà ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé mi. Mi ò ní sin ọmọ bí mo ṣe sin ẹ̀gbọ́n mi." Bọ̀ọ̀dá wọ kóòtù rẹ̀, ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Ẹkún ni mo sun mọ́jú. Ọjọ́ Ìsinmi méjì kọjá, Bọ̀ọ̀dá ò wá jẹun. Nígbà tí ẹkún tán, inú wá ń bí mi, àbúrò ìyá mi gan-an ni inú sì ń bí mi sí. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ bá a ní Ìbarà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ yín ni mí. Ayé mi lẹ fẹ́ bà jẹ́ yìí nítorí nọ́mbà lásán." Ó ní kí n jókòó, mo ní mi ò jókòó. Ó wò mí títí, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ mi," ló wí, "ẹnì kan wà tó mọ ẹni tó ni mọ́tò yẹn, ẹni náà ló sì wà á wá sílé yín. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lò ń bi?"

Ọ̀nà ilé ìwé ni mo gbà padà, mo sì bá ọkùnrin mi níbi tó máa ń dúró sí. Mi ò tilẹ̀ kí i. "Ta ló ni mọ́tò tí ẹ gbé wá sílé wa?"

Ó tẹrí ba. "Ti ọ̀gá mi ni."

"Kí ló ṣe ọ́ tí o fi gbé mọ́tò ọlọ́mọ́tò wá kí ìyá mi?" Inú bí mi débi pé mi ò rántí fi "ẹ" pọ́n ọn lé mọ́, ìwọ ni mo pè é.

"Mi ò sọ pé tèmi ni o."

"O ò sì sọ pé tìrẹ kọ́!"

Ó wo kẹ̀kẹ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ń gun kẹ̀kẹ́ tiyín," ló wí. "Èmi ò ní kẹ̀kẹ́ rárá. Mo rò ó pé ìyá tó bí irú obìnrin yìí, báwo ni màá ṣe fẹsẹ̀ rìn wọ ilé wọn? Ojú ló tì mí." Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wá lọ́jọ́ Ìsinmi, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá mi.

Mo bẹ ìyá mi títí ó fi gbà. Bàbá mi ti kú, obìnrin kì í sì í dá gbọ́ irú ẹjọ́ ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀, ìjà ò ìjà. Bọ̀ọ̀dá wá, ó jókòó sí ìtòsí ilẹ̀kùn. Ìyá mi ò fi omi lọ̀ ọ́.

Rélùwéè ló gbé àlejò wa dé Láfẹ́ńwá, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn láti ibẹ̀ dé Aké nínú oòrùn. Bàtà rẹ̀ ti pọ́n kankan fún eruku. Bó ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ilé, mà. Mọ́tò tí mo gbé wá lọ́jọ́sí, ti ọ̀gá mi ni, mo yá a ni. Ojú ló ń tì mí pé mi ò ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ọkùnrin náà gbórí sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára Bọ̀ọ̀dá, ó sì la ẹnu sílẹ̀. "Hàà! Bàbá, ẹ̀yin nìyí?"

"Ẹ mọra ni?" ni ìyá mi bi wọ́n.

Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn náà ló ti dáhùn. "Kí n tó kí ọmọ yín rí rárá, mà, mo rí i lórí kẹ̀kẹ́. Mo wo nọ́mbà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, mo sì lọ bá bàbá yìí ní ọ́fíìsì wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ẹni tó ni ín fún mi àti ilé tó ń gbé. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n jáde, pé ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn, kó dúró kí i níbi tó ti rí i."

Ìyá mi yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ọmọ wa ni?"

"Èmi ni mo kan nọ́mbà mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ò sì sọ fún wa!"

"Kí ni ǹ bá sọ? Mi ò mọ ẹni tó jẹ́, mi ò sì mọ̀ pé òun náà ló wá gbé mọ́tò wá. Èèyàn dáadáa ló padà jẹ́, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wá bá mi yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin kan ni mo rí níwájú mi tó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ wa ń sùn." Ó nawọ́ sí mi. "Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀yin náà fi ní kí n tú ilé ọmọ ẹlòmíràn fún yín. Bí mo bá tú u, kí ni màá dúró lé lórí lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá tún wá bi mí léèrè ọmọ tiwa?"

"Ibi tí ọmọ mi ń sùn," ni ìyá mi tún un sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ. A gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò. Nígbà tó jáde, ìrẹsì Ọ̀fàdà ló gbé lọ́wọ́, ẹran ò sì níye lórí rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àlejò tó wà nílẹ̀ kọjá, ó sì gbé àwo náà síwájú àbúrò rẹ̀.

"Jẹun, àbúrò mi," ló wí. "Kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí mi ò sè é dè ọ́. Àwọn ará ilé kejì ló ń bá ọ jẹ ẹ́." Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ti ń sunkún ní tèmi.

Ìgbà náà ni ìyá mi tó rántí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀ pẹ̀lú eruku tó bò ó dé orúnkún.

"Dìde, lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ kí o wá jẹun," ló wí. "Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, tìrẹ ni àbí o yá a?"

"Tèmi ni, mà."