Ìwé Ọwọ́ Sikiọ́rítì Wa

Lẹ́yìn tí àwọn olè ja ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹgbẹ́ àwọn onílé fi géètì sẹ́nu títì, wọ́n sì gba sikiọ́rítì láti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan. Aṣọ rẹ̀ dà bíi ti ọlọ́pàá, ó sì máa ń kí èèyàn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń jáde lọ sí ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, á wo aago, á kọ nǹkan sínú ìwé kan. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ló fẹ́ fi àkókò tí ilé mi ń ṣófo ṣe?

Ní Sátidé kan, mo ní kó jẹ́ n wo ìwé náà. Ó lọ́ra díẹ̀ kó tó fà á lé mi lọ́wọ́. Ìgbà tí mo jáde, ìgbà tí mo wọlé, ẹni tó wá kí mi àti bó ṣe pẹ́ tó, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ máa kọ eléyìí?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Alága àwọn onílé ni. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á kà."

Onílé tèmi gan-an ni alága yẹn. Mo lọ bá wọn nílé, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ààbò yín là ń wá o. Àbí ẹ ní nǹkan tí ẹ ń fi pamọ́ ni?"

Kí ọdún náà tó parí, mo ti ń wá ilé ní Ìgándò. Onílé tó mú mi wo yàrá bẹ̀ mí pé kí n má bínú, àwọn ò tíì ní géètì. Mo ní kò burú jàre, mo sì gba kọ́kọ́rọ́.