Lọ́fíńdà Ìyàwó Bàbá Kékeré

Mo ń tú ojú rírán bùbá oníbàárà kan lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà tí Bọ́lá gbé bùbá léèsì ìyá rẹ̀ dé láti Iléṣà. Ó ní kí n dín in kù, ìyá òun ti rù. Bí mo ti ń tú léèsì náà, ìgò kékeré kan yí jáde nínú rẹ̀. Òfìfo ni, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ò tíì lọ tán. Inú bí mi kí n tó rántí ohun tó ń bí mi nínú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ lọ́fíńdà yẹn. Àwọn tó ń ṣe é ti ṣíwọ́ tipẹ́. Ìgò rẹ̀ kò ga ju ìka àárín mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí a bomi là, wọ́n sì fi gíláàsì ṣe ìdérí rẹ̀ bí ẹyẹ tó ká ìyẹ́.

Àbúrò bàbá mi ni bàbá Bọ́lá. Bàbá Kékeré là ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó gbé ìyá Bọ́lá níyàwó wọ agbo ilé wa ní Iléṣà. Láyé ìgbà yẹn, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Á wá orúkọ dídùn mìíràn fún un. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní Adúmáadán, ó pe èmi ní Ìbàdíàrán, bẹ́ẹ̀ n kò tíì ní ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni lè rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi lọ́fíńdà náà ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń lò ó, ẹ̀kán kan lẹ́yìn etí kọ̀ọ̀kan. Àwa ọmọdé á tò tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ewúrẹ́ tó rí ẹni tó ru èèpo ẹ̀gẹ́.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó jí lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tó bá ìgò náà ní gbígbẹ.

"Ẹ tò síbí, kí n gbóòórùn ọwọ́ yín!"

Ọwọ́ tèmi ló ń ta sánsán. Èmi ni mo máa ń nu tábìlì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgò náà ni mo sì máa ń nù kẹ́yìn. Ó fi pàṣán nà mí níwájú gbogbo ilé. Bàbá Kékeré jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ iyán rẹ̀ lọ. Bí Ìbàdíàrán ṣe parí nìyẹn. Ọwọ́-kì-í-gbélé ló sọ mí.

"Ọwọ́-kì-í-gbélé ń bọ̀ o, ẹ di àpò yín mú!" Gbogbo agbo ilé á rẹ́rìn-ín.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Bàbá Kékeré mú mi dání lọ sí Òṣú, níbi tó ti ń ra kòkó. Obìnrin kan gbé omi fún wa. Bó ti bẹ̀rẹ̀, lọ́fíńdà náà ló ń ta sánsán lọ́rùn rẹ̀. Bàbá Kékeré wò mí, èmi náà wò ó. Ó ra gúgúrú fún mi. Mo jẹ ẹ́, mo sì dákẹ́ títí ó fi kú.

Orúkọ náà bá mi dé iléèwé. Bí ṣọ́ọ̀kì bá sọnù, báàgì mi ni wọ́n á kọ́kọ́ tú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, òun náà ni ìyá Bọ́lá fi kí mi lójú àwọn àna. Ìyá ọkọ mi béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní oríkì ìdílé wa ni.

Wọ́n ti wó agbo ilé yẹn. Àwọn ìyàwó òde òní ń pe ọmọ ọkọ wọn lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, àwọn àgbà sì ń ráhùn pé àṣà ti bàjẹ́. Èmi ò bá wọn ráhùn. Ilé wó, orúkọ burúkú ò bá a wó.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé léèsì náà lọ bá ìyá Bọ́lá ní Iléṣà fúnra mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ọwọ́-kì-í-gbélé, ṣé o ò gé lára aṣọ mi fi rán tìẹ?"

"Mà, èmi kọ́ ni mo lo lọ́fíńdà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba orúkọ yẹn kúrò lọ́rùn mi kí ọ̀kan nínú wa tó kú."

Ó wọ bùbá náà, ó na apá rẹ̀ wò, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò dáadáa. Kò wo ojú mi.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ìwọ kọ́. Ta lo wá fẹ́ kí n máa pè lólè nínú ilé yẹn? Ọkọ mi?"